Bí a ṣe ń fi fọ́ǹtì àfọwọ́kọ kọ Yorùbá tí àmì kò fi ní sọnù

Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹnìkan má fi káàdì tàbí lébẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, kí ló ṣe é tí kò fi dára lójú?" Ohun tó máa ń ṣe é kò yàtọ̀. Wọ́n ti mú fọ́ǹtì tó dà bí ìkọ̀wé ọwọ́, irú èyí tó rí bíi pé ọmọ ilé ló mú báírò tó jókòó kọ ọ́. Gbogbo lẹ́tà tẹ̀ síbì kan, ara wọn yọ̀, wọ́n ń jó. Àfi ibi tí ẹ, ọ tàbí ṣ bá wà. Níbẹ̀, lẹ́tà á dúró gbọnrangandan bíi ti ìwé ìjọba, tàbí kí àpótí kékeré òfìfo jókòó sí àyè rẹ̀, tàbí kí àmì ohùn fò kúrò lórí lẹ́tà tó ni ín lọ bà sórí èyí tó tẹ̀lé e.

Èmi náà ti jìyà rẹ̀. Káàdì ìgbéyàwó àbúrò mi ni mo ṣe. Mo fi fáìlì ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan, mi ò sì bi wọ́n bóyá fọ́ǹtì tí mo lò wà lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Nígbà tí páálí dé, "Ọkọ ìyàwó" ti di "Oko ìyàwó" lórí káàdì 200. Bàbá wa mú ọ̀kan, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn fi èékánná gún abẹ́ O àkọ́kọ́, ibi tó yẹ kí dọ́ọ̀tì wà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo ilé jókòó yí tábìlì ká, a ń fi báírò dúdú tọ dọ́ọ̀tì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè mọ kọ̀ǹpútà dáadáa. Ibi tó ti ṣì í ni pé ó fẹ́ràn fọ́ǹtì náà nítorí bó ṣe kọ "Happy Birthday", ó sì gbà pé bí yóò ṣe kọ "Ẹ kú ọjọ́ ìbí" náà nìyẹn. Ẹ má ṣe fẹ́ràn fọ́ǹtì kankan títí yóò fi kọ èdè yín lójú yín. Abẹ́òkúta tí a wà yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròhìn ní 1859, ní èdè Yorùbá. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí báńà ní Páńṣẹ́kẹ́ tàbí Kútọ̀ lónìí tí wọ́n kọ "Egba" sí láìní dọ́ọ̀tì, láìní àmì ohùn, kìkì nítorí pé fọ́ǹtì tó wu ayàwòrán kò ní i.

Ohun tí ẹ ó nílò

- Fóònù tó ní Canva tàbí PixelLab, ìyẹn áàpù tí a fi ń ṣe káàdì, tí iṣẹ́ náà bá máa parí sórí WhatsApp. Tó bá máa dé ilé ìtẹ̀wé, ẹ wá kọ̀ǹpútà tó ní CorelDRAW, tàbí Inkscape tí a kì í sanwó fún.
- Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Gboard ní i lórí fóònù. Windows náà ní Yorùbá láàárín àwọn èdè tí ẹ lè fi kún kíbọ́ọ̀dù rẹ̀.
- Fọ́ǹtì àfọwọ́kọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ fẹ́ dán wò. Ọ̀kan ṣoṣo kò tó, torí èyí tó wù yín jù lè jẹ́ òun ni yóò já yín kulẹ̀.
- Fọ́ǹtì kan tí kò ní ọ̀ṣọ́, tí yóò gbé ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì. Noto Sans tàbí Andika dára, àwọn méjèèjì ló ní lẹ́tà Yorùbá pé.
- Ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kọ gan-an, tí ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti fi àmì sí lórí bébà kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà. Ẹ má rò pé ẹ ó máa fi àmì sí i bí ẹ bá ṣe ń lọ. Ẹ ò ní fi sí i.

Ìpele 1: Ẹ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀

Fọ́ǹtì àfọwọ́kọ dà bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lójúkojú. Orúkọ, ìkíni, àdúrà kúkúrú, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, gbogbo ìyẹn yẹ ẹ́. Nọ́ńbà báńkì, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́, aago àti àdírẹ́sì kò yẹ ẹ́ rárá. Nínú ọ̀pọ̀ irú fọ́ǹtì yìí, 1 àti 7 máa ń jọra, l kékeré àti I ńlá á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí kì í ṣe tiyín kò ní mọ̀ pé fọ́ǹtì ló fà á.

Ẹ jẹ́ ká mú lébẹ́ẹ̀lì kékeré tí ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú fẹ́ so mọ́ aṣọ. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí rẹ̀ nìyí: "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ọwọ́ la fi ṣe é. Ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́, ẹ fi ọ̀tọ̀ fọ̀ ọ́." Lẹ́yìn náà ni iye ọ̀pá, owó àti nọ́ńbà fóònù. Èmi á fi àfọwọ́kọ kọ "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ" àti "Ọwọ́ la fi ṣe é", torí ohùn ìyá náà nìyẹn, bí ẹni pé ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìkìlọ̀ nípa fífọ̀ àti gbogbo nọ́ńbà á wà nínú Andika. Aṣọ tí ọwọ́ ṣe àti lẹ́tà tó jọ ti ọwọ́ máa ń bára wọn mu. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí mo ti fẹ́ràn irú fọ́ǹtì yìí jù lọ nìyẹn. Ó tún dára lára àpò ìrẹsì Ọfadà, lára ìwé ọmọdé, lára káàdì ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìnáwó.

Ní ti ìwé ìsìnkú àgbàlagbà, èmi kì í lò ó fún orúkọ olóògbé. Orúkọ bàbá tó pé 85 yẹ kó dúró ṣinṣin. Tí àwọn ọmọ bá fẹ́ kọ ìlà kan ṣoṣo, bíi "Bàbá wa, ó dìgbà", ìyẹn lè jẹ́ àfọwọ́kọ, torí àwọn ló ń sọ ọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á fi fọ́ǹtì kan náà kọ gbogbo káàdì láti òkè délẹ̀. Ojú á rẹ òǹkàwé kó tó dé ibi tí a kọ gbọ̀ngàn sí. Tí ọ̀rọ̀ tó wà nínú àfọwọ́kọ bá ti ju méjìlá lọ, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka àwọn ibi tí ẹ fẹ́ fi àfọwọ́kọ kọ sókè. Tó bá dún bí ohun tí èèyàn lè fi ẹnu sọ fún ẹnìkejì rẹ̀, ó kúnjú ìwọ̀n. Tó bá dún bíi rìsíìtì, ẹ gbé e lọ sínú fọ́ǹtì kejì.

Ìpele 2: Ẹ dán fọ́ǹtì wò kó tó wù yín

Ìpele yìí ló gbé gbogbo iṣẹ́ dání, nítorí náà, ẹ fara balẹ̀.

Nínú Unicode, ìyẹn ìlànà nọ́ńbà tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn: U+1EB9, U+1ECD àti U+1E63. À, á, è, é àti àwọn ẹgbẹ́ wọn náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Méjì ló para pọ̀ di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: lẹ́tà tó ti ní dọ́ọ̀tì, àti àmì ohùn tó ń gun orí rẹ̀. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ ní kó tó lè kọ Yorùbá: àwọn lẹ́tà abẹ́-dọ́ọ̀tì, àwọn àmì ohùn tó lè gun lẹ́tà, àti ìtọ́ni inú fáìlì tó ń sọ ibi tí àmì yóò jókòó sí lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Tí ti àkọ́kọ́ kò bá sí, ẹ ó rí àpótí tàbí lẹ́tà àyálò, ìyẹn èyí tí kọ̀ǹpútà yá láti inú fọ́ǹtì mìíràn. Tí ti kẹta kò bá sí, àmì á fò.

Ohun kan wà tó ń tan àwọn èèyàn jẹ níbí. Èdè Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, nítorí náà, fọ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún un máa ń ní lẹ́tà méjèèjì. Èèyàn á tẹ "ọmọ", á rí i pé ó jáde dáadáa, inú rẹ̀ á dùn, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àmọ́ èdè Vietnam kò ní ṣ. Ọjọ́ tí oníbàárà tó ń jẹ́ Ṣadé bá dé ni àṣírí á tú. Patrick Hand, Pangolin, Mali àti Itim jẹ́ àfọwọ́kọ mẹ́rin tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Google Fonts, tí wọ́n sì ṣe fún èdè Vietnam pẹ̀lú. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò yín lára wọn, torí wọ́n ti rin ìdajì ọ̀nà. Ẹ ṣáà má gbàgbé láti wo ṣ.

Gbólóhùn tí mo fi ń dán fọ́ǹtì wò nìyí. Mo tò ó kó lè gbé gbogbo lẹ́tà wa tó máa ń fa wàhálà:

Ọ̀ṣọ́ pọ̀ lára aṣọ ẹ̀gbọ́n Ṣadé; èwo ni Ẹ̀gbá ń tà jùlọ ní Ìtòkú lónìí? Ìyá, ǹjẹ́ ẹ ti rà á?

Ẹ tún fi èyí tẹ̀lé e ní lẹ́tà ńlá: ÀDÌRẸ ẸLẸ́KỌ, ỌLỌ́JỌ́ ÌBÍ. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi ẹ́ tàbí ọ́ olóhùn òkè bẹ̀rẹ̀, nítorí náà, Ẹ́ àti Ọ́ ńlá kì í yọjú àfi tí a bá kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ní lẹ́tà ńlá. Ẹ̀yìn títẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń mọ̀ pé wọ́n ti bàjẹ́.

Lórí fonts.google.com, àyè wà tí ẹ lè tẹ gbólóhùn tiyín sí kí ẹ tó gba fọ́ǹtì sílẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, kí ẹ sì fẹ lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Ohun tí ẹ ó máa wò ni wọ̀nyí.

Ẹ kọ́kọ́ wo o àti ọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú fọ́ǹtì tó dára, ìyá kan náà ló bí wọn: tí ikùn o bá rọ̀ sápá kan bí ìkòkò tí a fọwọ́ mọ, ikùn ọ náà á rọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí o bá rọ̀, tí ọ wá rí róbótó bíi kọ́bọ̀, kọ̀ǹpútà ti lọ yá ọ lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn láìsọ fún yín. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún e àti ẹ, s àti ṣ. Àyálò yìí burú ju àpótí òfìfo lọ, torí àpótí á pariwo, gbogbo ayé á rí i, ṣùgbọ́n lẹ́tà àyálò á yọ́ wọlé títí wọ́n fi máa tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àmì orí ẹ̀ àti ọ́. Ó yẹ kó wà láàárín orí lẹ́tà. Tó bá fi apá ọ̀tún gbéra, tó ń lọ bá lẹ́tà tó tẹ̀lé e, ìtọ́ni ìjókòó kò sí nínú fáìlì náà.

Ẹ wo dọ́ọ̀tì náà. Nínú àfọwọ́kọ tí lẹ́tà ti so kọ́ ara wọn, bíi Dancing Script, ìlà tó so lẹ́tà pọ̀ máa ń gba ìsàlẹ̀ kọjá, ó sì lè gbé dọ́ọ̀tì mì. Èmi kì í sábà lo fọ́ǹtì alásopọ̀ fún Yorùbá. Àwọn tí lẹ́tà wọn dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń fún dọ́ọ̀tì láyè láti mí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù yín níbi tí gbólóhùn náà wà, ẹ fi han ẹnìkan tí kò mọ ohun tí ẹ ń wá, kí ẹ sì bi í pé, "Lẹ́tà wo ló dà bí àlejò níbí?" Tí kò bá rí ìkankan, fọ́ǹtì náà yege. Tó bá jẹ́ ṣ nìkan ló tọ́ka sí, ẹ má sọ ọ́ nù, ìpele 5 wà fún un. Tí àwọn tó tọ́ka sí bá pọ̀, ẹ jáwọ́, ẹ mú òmíràn.

Ìpele 3: Ẹ gbà á sílẹ̀, ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yín

Ẹ wo ìwé àṣẹ fọ́ǹtì náà. Àwọn mẹ́rin tí mo dárúkọ wà lábẹ́ SIL Open Font License, tó gbà yín láyè láti lò wọ́n fún iṣẹ́ owó. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ tó wà káàkiri ló ní "personal use only" lára. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ lè fi ṣeré nílé, ẹ kò lè fi ṣe lébẹ́ẹ̀lì ọjà tí ẹ ń tà.

Lórí Windows, ẹ tú fáìlì náà, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máọ̀sì lórí èyí tó ní .ttf tàbí .otf, ẹ yan Install, kí ẹ sì pa CorelDRAW kí ẹ tún un ṣí. Lórí Canva, èyí tí a ń sanwó fún ló ń jẹ́ kí ẹ gbé fọ́ǹtì tiyín wọlé.

Wàyí o, ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má ṣe dà á kọ láti inú WhatsApp tàbí ibòmíràn. Ọ̀nà tí èèyàn lè gbà tẹ ẹ́ pọ̀: ẹnìkan á lo ẹ tó ti ní dọ́ọ̀tì lára, ẹlòmíràn á to e, dọ́ọ̀tì àti àmì ohùn lé ara wọn ní mẹ́ta, ẹlòmíràn á sì fi ìlà kékeré òòró sábẹ́ dípò dọ́ọ̀tì. Lójú, wọ́n lè jọra. Fọ́ǹtì tó mọ ọ̀kan lè má mọ èkejì, ẹ ó sì máa bú fọ́ǹtì tí kò ṣẹ̀ yín.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nínú Notepad tàbí Word, ẹ gbé kọ́sọ̀ sí ẹ̀yìn ẹ́, kí ẹ tẹ Backspace lẹ́ẹ̀kan. Ó yẹ kí àmì ohùn nìkan lọ, kí ẹ ṣẹ́kù. Ẹ tún un tẹ̀, ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ tẹ̀ ẹ́ kó tó tán, dọ́ọ̀tì dá dúró lọ́tọ̀. Ẹ fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tún ọ̀rọ̀ náà tẹ̀.

Ìpele 4: Ẹ tò ó

Èdè tí àmì wà lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ nílò àyè láàárín ìlà ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Tí ẹ bá fi í sí bí kọ̀ǹpútà ṣe gbé e wá, dọ́ọ̀tì ìlà òkè á lọ kọlu àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀, ẹ ò ní mọ ti ta ni. Ìlọ́po 1.4 títóbi lẹ́tà ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀, mo máa ń gbé e dé 1.6.

Lẹ́tà àfọwọ́kọ máa ń kéré sí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní nọ́ńbà títóbi kan náà. 12 ti Andika hàn kedere. 12 ti àfọwọ́kọ lè má ṣeé kà fún ìyá tó ti ń wọ awò. Lórí lébẹ́ẹ̀lì tí ẹ ó fi owú so mọ́ aṣọ, mi ò ní sọ̀kalẹ̀ ju 18 lọ.

Nípa àwọ̀, ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà funfun lórí búlúù dúdú, àwọ̀ ẹlú tí gbogbo oníàdìrẹ fẹ́ràn. Lójú kọ̀ǹpútà, ó dùn ún wò. Lórí bébà, íǹkì máa ń fẹ̀ díẹ̀, ó sì máa ń wọ inú ìlà tín-ín-rín. Dọ́ọ̀tì ló ń kọ́kọ́ lọ. Tí ẹ kò bá lè fi búlúù náà sílẹ̀, ẹ yan èyí tó ki jù nínú ìdílé fọ́ǹtì yín. Mali, fún àpẹẹrẹ, ní tín-ín-rín títí dé kíki, ṣùgbọ́n Patrick Hand kò ní kíki. Ẹ má sì tẹ bọ́tìnì B lórí fọ́ǹtì tí kò ní kíki tirẹ̀. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà á kàn fẹ ara lẹ́tà lójú, dọ́ọ̀tì á sì lẹ̀ mọ́ abẹ́ lẹ́tà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lásán ní títóbi rẹ̀ gan-an, ẹ gbé e síbi tí apá nà dé. Tí ẹ kò bá lè ka dọ́ọ̀tì abẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó kéré jù.

Ìpele 5: Tí ṣ kò bá sí, ẹ ṣe é fúnra yín

Ẹ ṣe èyí fún àkọlé tàbí orúkọ nìkan. Tí ẹ bá ní kí ẹ ṣe é fún odindi ojú ewé, ọwọ́ á ro yín, ẹ ó sì gbójú fo ọ̀kan.

Ọ̀nà tó yá jù nínú CorelDRAW nìyí:

1. Ẹ da fáìlì kọ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kejì, ẹ kò ní lè tún sípẹ́lì ṣe mọ́.

2. Ẹ tẹ s nínú fọ́ǹtì náà, kí ẹ sì tẹ ẹ lọ́tọ̀ ní títóbi kan náà. Ẹ mú méjèèjì, ẹ tẹ Ctrl+Q kí wọ́n lè kúrò ní lẹ́tà, kí wọ́n di ìlà tí a lè fọwọ́ fà.

3. Ẹ mú ẹ nìkan, ẹ tẹ Ctrl+K kó tú sí wẹ́wẹ́. Ẹ yọ dọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ pa ìyókù rẹ́. Dọ́ọ̀tì tí ẹni tó ya fọ́ǹtì náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nìyẹn, kò sí èyí tó lè bá s mu tó o. Tí fọ́ǹtì kò bá ní ẹ pẹ̀lú, ẹ lo àmì ìdánudúró rẹ̀, kí ẹ dín in kù díẹ̀.

4. Ẹ gbé dọ́ọ̀tì sí abẹ́ s. Ẹ mú méjèèjì, ẹ tẹ C kí wọ́n bọ́ sí àárín ara wọn, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ojú tún un ṣe. Tí lẹ́tà bá tẹ̀ sọ́tùn-ún, dọ́ọ̀tì á fẹ́ sún sósì díẹ̀. Ẹ gbàgbọ́ ojú yín ju ẹ̀rọ lọ níbí. Àyè tó yẹ kó wà láàárín s àti dọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n dọ́ọ̀tì náà fúnra rẹ̀.

5. Ẹ so méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú Ctrl+G, kí ẹ gbé e sí ibi tó yẹ nínú ọ̀rọ̀.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù: wọ́n á mú irinṣẹ́ tí a fi ń ya òbìrìkìtì, wọ́n á ya róbótó kan sábẹ́ lẹ́tà. Nínú fọ́ǹtì tí gbogbo ìlà rẹ̀ ti ń gbọ̀n díẹ̀ bíi ti ọwọ́ èèyàn, róbótó tó pé pérépéré yẹn á máa wo òǹkàwé lójú. Bákan náà ni ti àmì ohùn: tí ẹ bá fẹ́ fi sórí ọ, ẹ yọ ọ́ lára ò tàbí ó ti fọ́ǹtì náà fúnra rẹ̀, ẹ má fa ìlà tuntun.

Ẹni tó bá ń lo fọ́ǹtì kan náà lójoojúmọ́ lè fi FontForge, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, fi ṣ sínú fáìlì fọ́ǹtì náà títí láé. Àṣẹ SIL gbà á láyè. Ẹ ṣáà yí orúkọ rẹ̀ padà tí ẹni tó ni ín bá ti pa orúkọ náà mọ́ fún ara rẹ̀.

Ìgbà mìíràn sì wà tí ọwọ́ gan-an dára ju fọ́ǹtì tó ń fara wé e. Tí àkọlé yín kò bá ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, ẹ mú máákà dúdú, ẹ kọ ọ́ sórí bébà funfun lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ ya fọ́tò èyí tó dára jù nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹ gbé e sínú Inkscape kí ẹ lo Trace Bitmap, tó ń sọ fọ́tò di ìlà. Mo ti ní kí ìyá oníàdìrẹ kan, tó máa ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ, fi ìyẹ́ náà kọ orúkọ ọjà rẹ̀ fún mi. Ìlà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní fífẹ̀, ó sì parí ní ṣóńṣó. Dọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ jáde bí ẹ̀kán omi, ó fi ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ sápá kan. N kò tíì rí fọ́ǹtì tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi ẹ àti ṣ tí ẹ ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ sún un súnmọ́ ojú dáadáa. Dọ́ọ̀tì méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà, kí wọ́n sì tóbi bákan náà.

Ìpele 6: Kó tó dé ilé ìtẹ̀wé

Ibi tí káàdì 200 yẹn ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyí. Kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé kò ní fọ́ǹtì yín. Tí ẹ bá gbé fáìlì CorelDRAW lásán fún wọn, ẹ̀rọ wọn á fi fọ́ǹtì mìíràn rọ́pò, àmì á sì wọlẹ̀.

Ẹ tọ́jú fáìlì méjì: ọ̀kan tí lẹ́tà rẹ̀ ṣì jẹ́ lẹ́tà, tí ẹ ó pa mọ́ sílé, àti ọ̀kan tí ẹ ti fi Ctrl+Q sọ gbogbo lẹ́tà rẹ̀ di ìlà. Ẹ sọ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí di PDF, òun sì ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Nínú Inkscape, Object to Path nínú àkójọ Path ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ má fi JPG tí ẹ ti rán gba orí WhatsApp kọjá ránṣẹ́ fún títẹ̀. WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀, dọ́ọ̀tì á sì di ẹrẹ̀. Tó bá jẹ́ WhatsApp nìkan lọ̀nà, ẹ rán PDF náà gẹ́gẹ́ bíi Document. Tí àwọ̀ bá dé etí bébà, ẹ fi mìlímítà 3 kún ìta rẹ̀ yíká kí wọ́n lè rí ibi gé.

Ẹ ṣí PDF náà lórí fóònù ẹlòmíràn, ẹni tí kò ní fọ́ǹtì yẹn rí, kí ẹ tó rán an. Tí àmì bá pé níbẹ̀, yóò pé ní ilé ìtẹ̀wé.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ lè gbọ́ pé iná ti fẹ́ lọ, pé àwọn èèyàn ń dúró, pé kò sí wàhálà. Ẹ dúró gba ẹyọ kan yẹn, kódà tó bá gba pé kẹ́ ẹ san owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ gbé e fún ẹni tí kò bá yín kọ ọ́, kó kà á sókè ketekete láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ibi tó bá ti ṣe wọ̀ọ́, ẹ wo àmì ibẹ̀. Tó bá kà á já láìdúró, ẹ ní kí wọ́n tẹ ìyókù.

Nílé tiwa, bàbá ni mo máa ń gbé e fún. Wọ́n ṣì máa ń fi èékánná tọ abẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dá a padà fún mi.